Ọkọ̀ Tí Ń Mu Ajílẹ̀

Kò sí nǹkan kan tó ṣe Hilux mi. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àánú ṣòfò lórí mi. Ọkọ̀ náà ń gbé kánópì, ó ń gbé àga, ó ń fa jẹnẹrétọ̀ lọ sóde ìnáwó láti Ìkìrun dé Ìnísà, dé Òkukù, nígbà mìíràn dé Ìrèé. Lóòótọ́ ó máa ń wúkọ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ta ni kì í wúkọ́ láàárọ̀? Èmi tí mo jókòó sídìí sitíárì ni ara mi ò balẹ̀.

Ohun èlò òde ni mo fi ń yá èèyàn. Bí bàbá ẹnì kan bá dàgbà tó kú, bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá ta kánópì, kí n to àga, kí n tan iná. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, Pijó 504 ni ọ̀gá mi fi ń kó gbogbo rẹ̀, pikọ́ọ̀pù kan náà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kó iṣu àti kòkó jáde lóko. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Pijó pọ̀ ní Kàdúná, nítorí náà kò sí ìlú tó kéré tó tí kò ní mẹkáníìkì tó lè tú u ká nínú òkùnkùn, kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí èmi náà dá dúró, mo ra Hilux, mo sì rò pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Ibi òkú àgbà kan ní Òkukù ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóòkú ti òkè òkun dé, ó sì gbé pikọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà kan wọ ìta. Orí táyà rẹ̀ dé mi ní ìbàdí. Àwọn èèyàn fi ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n lọ ń ya fọ́tò nídìí ọkọ̀. Onílù tó ti ń ki olóòkú láti àárọ̀ kọjú ìlù sí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ Òkukù kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi oríkì ṣòfò: ìlú yìí ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá gbé, tó ti kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin, tó sì fi kọ ìwé ńlá tó jáde ní 1991. Bí onílù Òkukù bá wá ń ki irin, a jẹ́ pé irin náà ní baba. Mo wo Hilux mi níbi tó dúró sí lábẹ́ igi, ojú tì mí fún un.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kò pẹ́ rárá tí lítà bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 fi fò lé ₦500. Ìgbà yẹn ni ọpọlọ mi ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan ò rán an. Mo ní: bẹntiróòlù ni Hilux mi ń mu, bẹntiróòlù sì ti gbówó lórí, ẹ jẹ́ kí n ra ọkọ̀ tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Pé dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n ju bẹntiróòlù lọ ṣáájú ìgbà náà, n kò rò ó. Ìyàwó mi rò ó. Ó fi báírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn káàdì ìpè òkú kan, ó sì gbé e síwájú mi. Mo yìn ín pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ dára.

Mo ta Hilux, mo yáwó lé e, mo gba Èkó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tí mo rà, nítorí wọn kò ṣẹ̀ mí. Ó lágbára, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ, ohùn rẹ̀ sì ń mi fèrèsé. Ẹni tó tà á fún mi sọ̀rọ̀ kan nígbà tí mo ti ń ka owó tán. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ní omi kan tó máa ń mu yàtọ̀ sí dísẹ́ẹ̀lì o." Mo ní ìyẹn ò le. Omi ò wọ́n wa ní Ìkìrun, odò Ọ̀tìn kò jìnnà sí wa.

Nígbà tí mo gbé e délé, géètì ni kò gbà. Ọkọ̀ náà fẹ̀ ju mítà 2 lọ láìtíì ka dígí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ nígbà ayé Pijó ni wọ́n mọ òpó géètì mi. Mo pa dígí dé, mo fa èémí sínú; ọkọ̀ ò fa èémí sínú. Ìta ló sùn, èmi náà sì sùn nínú rẹ̀ nítorí olè, títí bíríkìlà fi ráyè wá wó òpó kan.

Ti géètì ṣì kéré. Ọ̀ràn gidi wà nínú fífà. Irin roboto kan máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ tó ń fa nǹkan. Ẹnu trélà kékeré tó gbé jẹnẹrétọ̀ yóò bo irin náà lórí, wọn yóò sì tì í pa. Bí irin bá ṣe tóbi tó ni ẹnu gbọ́dọ̀ ṣe tóbi tó. Irin tó bá ọkọ̀ mi wá, ínǹṣì 2 ni. Trélà tuntun tí mo rà mọ́ ọn, ẹnu tirẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 2 àti 5/16. Ìyàtọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi mílímítà 8 lọ. Mo gbé ọ̀kan lé èkejì, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ pé kò bá mi jà. Ohun tó ń wọlé láìjà ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù.

Ṣéènì méjì wà lára trélà náà, tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọkọ̀ nítorí ọjọ́ tí irin bá yọ. Mo ká wọn kọ́, torí pé ariwo wọn ń dí mi lọ́wọ́ rédíò. Mo tún ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn pátápátá, kó lè rọrùn láti sọ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò ti máa mi orí. Iwájú táyà ni ẹrù trélà gbọ́dọ̀ wúwo sí díẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kìlógírámù 1000, ó yẹ kí 100 sí 150 nínú rẹ̀ máa tẹ irin ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ṣe ni yóò máa gbé irin náà sókè, tí ìdí trélà yóò sì máa jó bí eré bá ti pọ̀.

Eré náà ló wá kù. Mo yọ sójú ọ̀nà Ìnísà, mo wo òǹkà eré, ó wà lórí 60. Mo ní kò burú, ẹni tó fa ẹrù gbọ́dọ̀ rọra. N kò mọ̀ pé máìlì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ka eré, àti pé 60 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 100 tiwa. Ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo tẹ bíréèkì. Ijó le sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi wo ọwọ́ ọ̀tún, ó ní, "Ọ̀gá, ta ló ni trélà tó fẹ́ yà wá sílẹ̀ yìí?"

Tiwa ni.

Nígbà ogun Jálumi ní 1878, odò Ọ̀tìn ni àwọn jagunjagun Ìlọrin tó ń sá fún Ìbàdàn bẹ́ sí. Ọlọ́run ló ní kí trélà mi má jogún wọn: koto ẹ̀bá títì ló yàn, ó sì dùbúlẹ̀ sínú ewéko láìfara kan ẹnikẹ́ni. Àwọn ọlọ́kadà dúró, àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró. Bàbá àgbàlagbà kan fara balẹ̀ yí trélà náà ká, ó wo irin ìdí ọkọ̀, ó wo ṣéènì tí mo ká kọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ò so ó ni?"

"A so ó, bàbá."

"Kí lẹ fi so ó? Àdúrà?"

Mo tún irin ṣe, mo tún ẹrù tò, mo sì fi bébà lẹ òǹkà eré náà, mo kọ kìlómítà sí i lára. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni iná kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọdékùnrin kan ní Òṣogbo tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Ó ní, "Dádì, yúríà ló tán nínú rẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún mi. Láti bí ọdún 2010 ni òfin Amẹ́ríkà ti le mọ́ èéfín ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi táǹkì kan kún un fún omi yúríà. Ọkọ̀ yóò máa fọ́n omi náà sínú èéfín, afẹ́fẹ́ burúkú inú rẹ̀ yóò sì di omi àti naitrójìn tí kò pa èèyàn lára. Bí omi náà bá tán, ọkọ̀ yóò kìlọ̀. Bí ẹni tó ni ín bá dití, yóò fi eré jẹ ẹ́ níyà. Mo pe àbúrò mi ní Houston. Ó ní kí n yà sí ilé epo tó bá sún mọ́ mi, ó wà níta nínú gálọ́ọ̀nù. Ilé epo tó sún mọ́ mi ò ní dísẹ́ẹ̀lì pàápàá lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dáko ní Ìnísà ló yanjú rẹ̀. "Yúríà? Ti àgbàdo?" Ó ní àpò ajílẹ̀ kìlógírámù 50 nílé. Mo kan sáárá sí i. Àbí kí ló kù? Ní Eleme, ní ìpínlẹ̀ Rivers, àti ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí níbi tí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ti ṣí ní 2022, yúríà ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sókè òkun. Ṣé èmi ni mo máa wá fi òùngbẹ yúríà pa ọkọ̀ ní Nàìjíríà? A da ajílẹ̀ sínú garawa, a já omi piọ́ wọ́tà sí i, mo fi orógùn ọkà rò ó títí ó fi yọ́. Ìyàwó mi jáde wá, ó wo garawa, ó wo orógùn rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbin ọkọ̀ ni?"

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé omi yúríà ti ọkọ̀ ní òṣùwọ̀n: 32.5 nínú 100 ni yúríà, èyí tó kù jẹ́ omi tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ti oko, wọ́n ti fi nǹkan ra á lára kó má baà dì mọ́ra nínú àpò. Nǹkan ọ̀hún, pẹ̀lú èròjà inú omi wa, ló lọ dí ẹnu ihò tó ń fọ́n ọn. Nígbà tí wọ́n tú u lẹ́yìn náà, funfun gbindin ló wà níbẹ̀, ó le, ó ń dán.

Ọjọ́ òde ńlá kan ní Òkukù ni ọkọ̀ yàn láti dá ẹjọ́. Kí á tó kúrò ní Ìkìrun ló ti kọ ọ́ síwájú mi pé òun máa dín eré kù. Mo pa ìkìlọ̀ náà rẹ́. Nígbà tí a kọjá Ìnísà, mo tẹná mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ọkọ̀ ò yára. Ó ń rìn bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ. Ọlọ́kadà kan tó gbé ewúrẹ́ sẹ́yìn kọjá lára wa, ewúrẹ́ náà sì wò mí títí wọ́n fi yà. Bí a ṣe ń wọ Òkukù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan láti ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Wọ́n bi mí léèrè ọkọ̀, mo dá wọn lóhùn, a sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní ó dàbọ̀, wọ́n sì lọ níwájú.

Mo ní kí n pa ẹ́ńjìnnì kó sinmi díẹ̀. Ó sinmi. Kò jí mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló ti jẹnẹrétọ̀ dé ojú òde. Ẹni tó wá wọ́ ọkọ̀ mi kúrò lójú títì, oníṣu ni. Pijó 504 ló gbé wá, okùn ló fi di ìlẹ̀kùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ó so wá pọ̀, ó fọn fèrè, ó sì wọ́ ọkọ̀ tí mo rà láti máa wọ́ nǹkan gba iwájú gbogbo olóde kọjá. Onílù rí wa. Mo ti san owó kó lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ó ti lù ú.

Ìbàdàn ni wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe, ẹnì kan l'Ékòó tó ní ibi tí ó ti ń rí omi rẹ̀ rà sì gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fi owó náà ra Hilux tó dàgbà ju èyí tí mo tà lọ, tó sì wọ́n jù ú lọ.

Ẹni tó bá ra ọkọ̀, ìlú tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún ló rà mọ́ ọn: epo ibẹ̀, omi ibẹ̀, òfin ibẹ̀, fífẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀, títí kan bí wọ́n ṣe ń ka eré níbẹ̀. Bí ìlú ọ̀hún ò bá gba inú géètì rẹ, má rà á. Wọn ẹnu trélà kí o tó fà á, so ṣéènì rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, fẹrù síwájú. Kí o sì ka ẹ̀yìn káàdì tí ìyàwó rẹ bá gbé síwájú rẹ.

Ajílẹ̀ tó ṣẹ́kù, ìyàwó mi kó o lọ sí oko àgbàdo rẹ̀. Àgbàdo yẹn ta. Owó rẹ̀ ni a fi tún òpó géètì mọ, ó sì ní kí bíríkìlà fi òpó náà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, kó má ṣe fi ìka kan fẹ̀ sí i.