Owó Ni Mo San Kí N Tó Rí Owó Gbà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. N kò jalè, n kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Iṣẹ́ ni mo rí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ń ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nílé ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ló ń sá fún mi. Láti 1973 ni wọ́n ti dá ètò SIWES sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan ohun tó ń kà nínú ìwé, oṣù mẹ́fà sì ni tiwa. Mo há lẹ́tà ilé ìwé mọ́ abíyá, mo fẹsẹ̀ rin Ìkẹjà títí bàtà mi fi la ẹnu. Gbogbo ibi tí mo dé, wọ́n ní kò sí ààyè. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé n kò láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ní "Máa bọ̀ lọ́la," ọ̀la náà lo máa bẹ̀rẹ̀. Kódà kí o tó jáde lónìí, wọ́n lè ti rán ẹ lọ ra búrẹ́dì.

Mo wá dé Houston ní oṣù Kẹjọ 2024 pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1, láti gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ọ̀nà àti afárá. Kí n tó lo oṣù mẹ́fà, ẹnì kan ti fi iṣẹ́ lọ̀ mí. Mo fò sókè, mo sáré lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ kò lè ju àbúrò mi àbíkẹ́yìn lọ. Ó pe orúkọ mi láìsí "ẹ̀gbọ́n" níwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tíì yá. CPT ni wọ́n ń pe àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣiṣẹ́ tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ níta ọgbà kó tó gboyè, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti fi odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan jókòó ná, àfi bí ẹ̀kọ́ másítà rẹ̀ bá sọ ọ́ di dandan pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tèmi kò sọ nǹkan kan di dandan bí kò ṣe owó ilé ìwé.

Mo ní ṣé mo lè máa wa Uber títí ọdún á fi pé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọmọ náà bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Inú ọgbà ilé ìwé nìkan ni mo ti lè ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Bí mo ṣe di ẹni tó ń nu tábìlì nílé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, èmi tí màámi ń pè ní injiníà lójú gbogbo ìjọ.

Ọdún yí. Ilé iṣẹ́ kan tó máa ń yẹ afárá wò ní kí n wá ṣe intaṣíìpù lọ́dọ̀ àwọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2025. Mo gbé lẹ́tà wọn lọ bá ọmọ yìí, ó gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé báwo ni iṣẹ́ náà ṣe kan ẹ̀kọ́ mi. Ẹ gbà mí o! Afárá ni mo ń kọ́. Afárá ni wọ́n ní kí n wá wò. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìlà méjì. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kò tó. Mo dìde lóru, mo fẹ afárá náà títí ó fi di ojú ìwé kan àbọ̀: ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀, omi ń gba abẹ́ rẹ̀, irin inú rẹ̀ ń dógùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi kà á, ó buwọ́ lù ú. Òun náà gbà pé omi ń gba abẹ́ afárá.

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan. Ara ẹ̀kọ́ ni òfin ka CPT sí, nítorí náà ilé ìwé tèmi ní àfi kí n forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan. Orúkọ kọ́ọ̀sì náà ni intaṣíìpù. Kò ní olùkọ́ tó ń wọ kíláàsì, kò tiẹ̀ ní kíláàsì. Owó ló ní. Mo ní láti sanwó fún ilé ìwé kí wọ́n lè jẹ́ kí n lọ síbòmíràn, kí ará ibẹ̀ lè sanwó fún mi, kí n lè rí owó san fún ilé ìwé. Mo ti rí agbèrò l'Ójòta tó gbowó lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà nítorí pé ó dúró, mo sì ti rí èyí tó gbà á nítorí pé ó fẹ́ lọ. N kò rí èyí tó sọ fún èrò pé kó san owó kí òun tó jẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́.

Mo gbìyànjú kí n ṣàlàyé fún màámi lórí WhatsApp.

"Ọkọ mi, ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà?"

Mo ní, "Rárá mà, ìwé ni mò ń dúró dè."

"Ìwé wo tún ni? Gbogbo èyí tí o kó lọ síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò sí ẹni wa kan tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ ni?"

Mo ní kọ̀ǹpútà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní SEVIS ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ta wá ni kọ̀ǹpútà yẹn ń bẹ̀rù?"

Nígbà tó yá, wọ́n tẹ I-20 tuntun fún mi, ìyẹn ìwé ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá. Ojú ìwé kejì ni àṣẹ náà wà: orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn nìkan, ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí mo máa parí. Ilé iṣẹ́ fẹ́ kí n wọlé ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún. Ìwé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó sílé, tí mò ń wo iṣẹ́ bí ajá ṣe ń wo ẹran orí àjà. Ọ̀gá mi tuntun, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́, kọ̀wé pé kí n kúkú wá bá wọn jẹ pizza lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á fi ibi iṣẹ́ han àwa tuntun díẹ̀. Mo bi ọmọ ọ́fíìsì léèrè. Ó ní pizza kò burú, fífi ibi iṣẹ́ hàn yìí ló lè di iṣẹ́, kódà kí wọ́n má san kọ́bọ̀, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ tó wà lórí ìwé ti ba físà rẹ̀ jẹ́. Mo ní tí mo bá jẹ pizza, tí mo dijú ńkọ́? Ó ní kí n má lọ.

Mo jẹ ẹ̀bà nílé.

OPT sì ń dúró dè mí níwájú, ìyẹn àṣẹ oṣù 12 tí ẹni tó bá gboyè fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti lo oṣù 12 CPT tó ń gba gbogbo ọjọ́ ti pàdánù rẹ̀ lórí oyè yẹn. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń sàmì sí kàlẹ́ńdà bí aboyún, ọjọ́ 364 ló fẹ́ kí CPT tirẹ̀ dúró sí. Láti 2024, dọ́là 470 ni fọ́ọ̀mù OPT fún ẹni tó bá ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 520 fún ẹni tó bá fi bébà ránṣẹ́. Bí àṣẹ náà bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 90 péré ni o lè fi wà láìníṣẹ́. Nílé, kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ fún ẹni tí kò níṣẹ́ àfi bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà pé. Aago méje òwúrọ̀ kò tíì lù tí mo ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú fáìlì: pasipọ́ọ̀tù, I-20, káàdì Social Security, àti ojú ìwé kan àbọ̀ nípa omi abẹ́ afárá. Obìnrin tó ń gba òṣìṣẹ́ wọlé ṣí I-20 sí ojú ìwé kejì, ó wò ó bí ẹni ń wo aago ọwọ́, ó ní ó ti dáa, ó nawọ́ síbi tí kọfí wà. Mo na ìwé afárá sí i. Ó ní àwọn kò nílò ìyẹn.

Ọ̀gá mi yọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn.

"Kí ló dé tí o kò wá jẹ pizza?"