Agbèrò Ló Kọ́ Mi Níṣẹ́ Lọ́yà

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wa wà ní Jíbówú, abẹ́ fèrèsé mi gan-an sì ni àwọn ọkọ̀ ìlú Ìgbò ti ń kérò. Láàárọ̀ dalẹ́ ni agbèrò kan ń pariwo: "Ówèrì! Ábá! Ó ku ẹnì kan!" Ọkùnrin yìí sọ ibi tó ń lọ, ó sọ àyè tó ṣẹ́ kù, ó sì kán èrò lójú, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Àwa lọ́yà tá a jókòó lókè kò lè ní kí èèyàn san gbèsè kó má gba ojú ewé mẹ́ta. Mo bá fi agbèrò ṣe ọ̀gá.

Lọ́dún 2013, ọ̀gá mi tòótọ́ gbé kúìtì nótíìsì kan fún mi pé kí n tún un ṣe. Bàbá onílé kan fẹ́ gba fúláàtì rẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún. Ojú ewé méjì gbáko! Mo fa bírò pupa yọ. "Hereby", ó dàbọ̀. "The said", ó dìgbà. "Quit and deliver up", èwo ni ti ìbejì? Láyé ìjọ́un, nígbà tí èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà ní kóòtù Ìlú Ọba, lọ́yà a máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ìyẹn ni ìwé ìhágún ṣe ń jẹ́ "will and testament" dòní. Mo lé Táíwò, mo fi Kẹ́hìndé sílẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró, àmọ́ ọwọ́ ti mọ́ra. Mo dé ibi tí wọ́n kọ oṣù mẹ́fà sí. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ló ní ká fún irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà. Mo ní, ohun tí òfin ti sọ, kí la tún ń tẹnu mọ́ ọn fún? Mo gé e, tòun ti ọjọ́ tí yóò kó jáde. Ìlà mẹ́rin ló kù, gbogbo rẹ̀ kò sì ju "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó jáde" lọ. Ọ̀gá ń sáré lọ kóòtù, ó fọwọ́ sí i láìkà á.

Nígbà tá a dé iwájú adájọ́, lọ́yà ayálégbé dìde, ó ka ìwé mi tán ní èémí kan, ó jókòó. Adájọ́ wò mí láti orí awò ojú rẹ̀: "Lọ́yà, ìgbà wo ni kó kó jáde?"

"Olúwa mi, ó… ó yé e."

Ayálégbé mi orí pé kò yé òun.

Wọ́n da ẹjọ́ wa nù. A tún oṣù mẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Bàbá onílé ò bú mi. Wọ́n kàn yí ìwé náà síwá sẹ́yìn: "Ojú ewé méjì ni mo sanwó fún. Ìyókù dà?"

Ẹ̀rù sọ mí di aláròyé. Nótíìsì kejì gba ojú ewé mẹ́sàn-án. Ọ̀gá gbé e lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn gààrí: "Ilé ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi òdiwọ̀n sí iye ojú ewé àròyé ẹni tó ń jà sí ilẹ̀ ìran pàápàá. Ìwọ, fúláàtì kan, mẹ́sàn-án?"

Kérésì dé, mo ń lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ní Ówèrì. Agbèrò mi tajú kán rí mi: "Lọ́yà! Ówèrì! Ó ku ẹnì kan!" Mo fò wọlé. Ìyá àgbà kan àti adìẹ wọn ló dá wà nínú ọkọ̀. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó. Mo bá fìbínú béèrè pé irọ́ wo lèyí.

"Irọ́ kẹ̀? Ó ku ẹnì kan ká tó pé méjì. Ẹ wọlé, a pé méjì."

Ọkùnrin náà kò purọ́. Ó kàn gé e kúrú ni, bí èmi náà.