Ọ́ìlì Bàbá Onípijó

Ẹ má dárúkọ mi níbẹ̀ o. Èmi kàn ń já ewédú lẹ́yìn ilé jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni, etí ni kò ní ilẹ̀kùn.

Ta ni kò mọ Peugeot 504 Bàbá wa ní Ìfira níbí? Kàdúná ni wọ́n ti tò ó, ní iléeṣẹ́ PAN tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, láyé ìgbà tí kọmíṣánnà, ọ̀gá ilé-ìwé àti olówó kòkó jọ ń fi Pijó yangàn. Bí àlejò bá ti jókòó, omi ò ní tíì kan án lọ́wọ́ tí Bàbá á ti máa sọ fún un pé 504 ló gba ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975, tó tún gbà á ní 1978. Ìyá á dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ẹ sọ ti òkè Ọ̀kà fún wọn náà, níbi tí a ti sọ̀ kalẹ̀ tì í."

Ọmọ wọn tó wà ní Houston ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wálé lọ́dún Kérésì, ó ra ọ́ìlì olówó gọbọi kan bọ̀ láti Èkó, gálọ́ọ̀nù rẹ̀ ń dán bí ìgò lọ́fínńdà, wọ́n kọ 5W-30 sí i lára. Mẹkáníìkì Bàbá, èyí tó ń wá láti Ìkàrẹ́, wo gálọ́ọ̀nù náà, ó yímú. (Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó kejì sí Ìsùà, tó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ fún ti ilé. Èmi ò sọ nǹkan kan.) Ó ní, "Bàbá, ọ́ìlì yìí kò burú o, àmọ́ kì í ṣe ti ọkọ̀ yín." Bàbá ní ọmọ òun ló rà á, kó dà á síbẹ̀.

Ó dà á síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rin gbindin. Bí Bàbá bá ti dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná pupa ọ́ìlì á máa ṣẹ́jú sí wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì. Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà, ó gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, ó wá là á yé wa.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tí lẹ́tà W tẹ̀ lé, ti òtútù ni. Níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, kí ọ́ìlì tètè ṣàn láàárọ̀ ló ń ká wọn lára. Ọyẹ́ tiwa lórí òkè Àkókó lè mú kí ètè ẹni là, àmọ́ kò lè mú ọ́ìlì dì. Nọ́ńbà kejì ló kàn wá jù: bí ọ́ìlì ṣe máa ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Bẹ́rínì inú Pijó tó ti rìn láti ọjọ́ pípẹ́ ti jẹ, àlàfo rẹ̀ ti fẹ̀. Ọ́ìlì fúyẹ́fúyẹ́ á kàn gba ibẹ̀ kọjá ni, agbára tó fi ń tì í sókè á sì wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń ṣẹ́jú. 20W-50 ló yẹ ẹ́.

Ó tún ní ọ̀rọ̀ síǹkì wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹlẹbẹ ni, irin ló ń fara ha irin, síǹkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì ti dín in kù nínú èyí tí ọkọ̀ òde òní ń lò, torí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì a máa ba ohun tó ń fọ èéfín inú sàláńsà wọn jẹ́. Àdínkù yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ́ìlì kíki bíi 20W-50 bó ṣe kan 5W-30. Ọmọ Houston fúnra rẹ̀ gbà lórí fóònù pé àwọn tó ń tọ́jú Mustang ayé 1964 lọ́hùn-ún, igbe síǹkì yìí kan náà ni wọ́n ń ké. Mo ní kí ló dé tí kò rántí kó tó náwó. Wọ́n ní kí n lọ máa já ewédú mi.

Ni Bàbá bá wọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti fa kẹ́ẹ̀gì jáde! Ọ́ìlì ìgbà Abacha. Mẹkáníìkì dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní bó bá jẹ́ ọmọ ni, ì bá ti jáde ní Yunifásítì Àkùngbá, kó máa wáṣẹ́ kiri. Ó ní bí wọn ò bá tíì ṣí gálọ́ọ̀nù, tí kò sí nínú oòrùn, nǹkan bí ọdún 5 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ń fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti ṣí, ẹ máa fura sí i, torí ọ̀rinrin òjò á máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá ní irọ́ ni, ọ́ìlì òun ṣì mọ́. Ọkùnrin yìí kò jiyàn. Ó da díẹ̀ sínú àwo funfun, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún: ó ṣú, ó rí bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀ nísàlẹ̀. Ó wá mú ìdérí agolo, ó gbé e lé iná Ìyá Alákàrà títí tó fi gbóná, ó kán ọ́ìlì náà lé e. Ó ta ṣáṣáṣá! Omi ni. Ọ́ìlì tí kò lómi nínú kì í dún bẹ́ẹ̀. Ìyá Alákàrà sá, ó ní ta ni yóò san owó àkàrà tó jóná.

Bàbá ní kò burú, wọ́n ra 20W-50 tuntun ní oṣù tó kọjá, ẹ lọ gbé e lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọdé lọ, ó gbé e dé: ó ti dín sí ìdajì. Gbogbo ilé dákẹ́. Ojú mi kàn lọ sí ilé ewúrẹ́ ni, mo rí i tí àwọn òpó rẹ̀ ń dán gbinrin. Ìyá ti fi ọ́ìlì tuntun kun òpó nítorí ikán! Kọ́ndẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì àlòkù, tó yẹ kó lò wà nínú kẹ́ẹ̀gì kejì, tí Bàbá ì bá rọ sínú ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan. Ìyá kò tijú. Ó ní, "Ṣé ikán ti lọ àbí kò lọ?"

Mẹkáníìkì ní kí wọ́n máa fi ọ̀dà kọ kọ́ndẹ́mù sára kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n má sì fi pa ajá elékùsá lára mọ́, torí májèlé wà nínú rẹ̀. Ó tún ní àwọn kan wà tó ń sẹ́ kọ́ndẹ́mù, tí wọ́n á rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù tó lórúkọ, wọ́n á tà á fún ẹni tí kò wo ìdérí dáadáa. Òun fúnra rẹ̀, bó bá ti da ọ́ìlì tán, ọ̀bẹ ló fi ń gún gálọ́ọ̀nù. Ó dun Ìyá, torí gálọ́ọ̀nù Houston yẹn ló fẹ́ fi pọn omi.

Wọ́n jọ lọ sí Ìkàrẹ́, wọ́n ra òmíràn. Lítà 4 ni Pijó gbà. Iná pupa sùn. 5W-30 tí wọ́n tú sílẹ̀ kò tíì dúdú, mẹkáníìkì ní Bàbá ò lè lò ó mọ́, òun á bá wọn gbé e dànù.

Ní àná, ọmọ Houston tẹ̀ wá láago, ó ní ọ́ìlì òun ńkọ́? Bàbá ní ó ń lọ geere. Wọn ò kúkú parọ́. Èmi fi ojú mi rí i lọ́nà Ìsùà, nínú Corolla mẹkáníìkì, ìyàwó kejì jókòó níwájú.