Ta Ló Ń San Owó Àìsàn ní Festac?

Kò sí oníṣirò tó yára bí ará ilé tó ń ka owó ará òkèèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, òfin Ìlú Ọba sọ pé òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ gbà dín ní £12.21 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ á gba £2,100 ó lé lóṣù. Kíá, àwọn ará Festac ní Èkó ti sọ ọ́ di náírà: mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé! Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀ ní Nàìjíríà, tàbí ₦85,000 tí ìjọba Èkó ń san fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n á sì figbe ta. Igbe náà tọ́, ìṣirò ni kò pé. Ẹni tó ń gba pọ́n-ùn kì í ra ata ní ọjà Agboju. Pọ́n-ùn náà ló fi ń san owó ilé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹrù tó wà lórí owó oṣù ló yẹ ká wọ̀n, kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká fi àìsàn àti ìsinmi wọ̀n ọ́n. Kí £2,100 yẹn tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ìjọba ti yọ nǹkan bí £300 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, òfin ọdún 2025 ní kí wọ́n máa fún un ní £118.75 lọ́sẹ̀, ó sì ní ọjọ́ ìsinmi 28 lọ́dún tí owó rẹ̀ kò ní dín. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò fipá mú ilé iṣẹ́ aládàáni láti fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi olówó, ì báà ṣe ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ 12 tí òfin ọdún 1993 sì fún abiyamọ, ìsinmi ọ̀fẹ́ tí kò ní kọ́bọ̀ nínú ni. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fúnni ní ọjọ́ ìsinmi 6 lọ́dún, owó ọjọ́ 12 fún àìsàn, àti ọ̀sẹ̀ 12 fún abiyamọ pẹ̀lú ìdajì owó oṣù. Nàìjíríà na Amẹ́ríkà! Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó, orí ìwé la ti jà á. Òfin owó oṣù ₦70,000 pàápàá kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ní First Avenue ló ní òṣìṣẹ́ 25?

Nígbà náà, ta ló ń san owó àìsàn ní Festac? Fóònù tí ẹbí fi ń pe òkèèrè ni. Ọmọ tó wà ní Peckham ń san owó-orí méjì: ọ̀kan fún ìjọba Ìlú Ọba, ìkejì fún ẹbí. Ti ìjọba fi £12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ti ẹbí kò mọ irú ojú àánú bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣebí ìjọba Òyìnbó ń bọ́ yín?" Rárá o. Físà ọ̀pọ̀ wọn sọ gbangba pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn tún ń san £1,035 lọ́dún fún ìlera, lórí owó-orí. Ìrànwọ́ tí wọn kò rí gbà ni wọ́n ń pín kiri.

Ẹlòmíràn á ní ilé rọrùn, ẹbí ń bẹ. Ẹbí ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó wà lápò ẹbí ni ẹbí lè ṣe. Festac fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ìjọba kọ́ ilé wọ̀nyẹn fún àjọ̀dún àṣà ọdún 1977, wọ́n sì fi ìbò pín wọn nígbà tí àlejò lọ tán. Òṣìṣẹ́ ayé ìgbà yẹn lè fi oríire di onílé. Ti òní, ayálégbé ló jẹ́, owó ọdún kan gbáko ni wọ́n ń bi í. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ń jà fún àfikún, kí wọ́n má bèèrè iye nìkan, kí wọ́n bèèrè ààbò fún àìsàn àti ìsinmi pẹ̀lú. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, tó ní kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ kí ọ̀gá sì fi 10 kún un, fi hàn pé a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló kù. Títí dìgbà náà, Peckham ni ọ́fíìsì ìrànwọ́ Festac wà. Kì í ti ilẹ̀kùn lóru, kò sì ní ọjọ́ ìsinmi 28.