Agbowó-bí-Ìjì, A-san-án-bí-Ìgbín

Akùnyùngbà ààfin Ọ̀yọ́ ò kì ọ́ rí. Arọ́kin ò mọ ìdílé rẹ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ki Ṣọ̀ún, wọ́n ki ọmọ Ajílété, wọ́n tiẹ̀ ń ki máńgòrò, kò sẹ́ni tó rántí rẹ. Ìwọ̀sí gbáà ni. Èmi tí mo sìn ọ́ fún oṣù mẹ́fà láìgba kọ́bọ̀ ni yóò ṣe é. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ńlá, onílé gíláàsì ẹ̀bá títì, fara balẹ̀ kí n kì ọ́.

Agbowó-bí-ìjì, a-san-án-bí-ìgbín,
ọ̀rẹ́ ẹni lọ́jọ́ tí ara le,
àjèjì ẹni lọ́jọ́ tí òrùlé jó.
Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìlérí,
ó fi lẹ́tà bí ẹsẹ̀ eèrà kọ "àyàfi".
A-jókòó-sábẹ́-ẹ̀rọ-tútù-bá-ẹni-tó-jóná-kẹ́dùn.
Ọmọ "ẹ padà wá lọ́la",
ọ̀la tirẹ̀ kì í mọ́.

A kì í ki èèyàn ká má dé orílẹ̀ rẹ̀. Ilé kọfí ni bàbá ńlá rẹ ti ṣẹ̀ wá, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àwọn ọdún 1680, lọ́dọ̀ Edward Lloyd, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwọn olówó ti ń mu kọfí, tí wọ́n sì ń pín òfò tí kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìdílé ọmọlúàbí ni. Ní 1781, ọkọ̀ ẹrú kan tó ń jẹ́ Zong ju èèyàn tó lé ní 130 sínú òkun láàyè, àwọn tó ni ọkọ̀ sì ní kí wọ́n wá san owó òfò fún àwọn, ẹrù àwọn ló ṣòfò. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ ní 1783, wọn ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ apànìyàn. Ta ni yóò sanwó ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹ ò rí i bí orírun ṣe ń dára tó? Ní 1921, Royal Exchange Assurance gúnlẹ̀ sí Èkó, láti ìgbà náà ni ẹ ti ń bí sí i, tí ẹ ń rẹ̀ sí i nílẹ̀ yìí, títí ẹ fi bí èyí tó bá mi wí yìí sí Ọ̀yọ́.

IT, iṣẹ́ ìdánrawò akẹ́kọ̀ọ́, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Láti 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò náà sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó gbàwé ẹ̀rí. Ìmọ̀ ìṣirò ni mò ń kọ́ ní yunifásítì LAUTECH. Ẹnì kan ló sọ fún mi ní àdúgbò Under G pé àwọn kan wà nílé-iṣẹ́ adójútòfò tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣírò iye ọdún tí ẹ̀dá yóò lò láyé, kí wọ́n lè fi díyelé ewu. Mo ní, iṣẹ́ babaláwo tó ní owó oṣù nìyí! Mo ra táì ní Tákíè, mo kọrí sí Ọ̀yọ́ ní Oṣù Kìíní ọdún 2023.

O gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. O fún mi ní àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fotokópì, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí mo fi fọ́ọ̀mù àwọn tó ń béèrè owó òfò tẹ́ lábẹ́ kó lè dúró. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí tí àwọn fọ́ọ̀mù náà ṣe nìyẹn. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà ọ̀gá. Lọ́sàn-án, àmàlà mádáàmù láti Òwòdé, gbẹ̀gìrì lọ́tọ̀, ewédú lọ́tọ̀. Lálẹ́, mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú logbook lédè Gẹ̀ẹ́sì olówó iyebíye. Ọjọ́ tí mo gbé kúlà oúnjẹ gun àtẹ̀gùn, mo kọ ọ́ pé mo kópa nínú gbígbé ewu láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Olùkọ́ tó wá bẹ̀ wá wò láti ilé-ìwé kà á, ó fi bírò pupa kọ "ó dára" sí i.

O dójú tòfò ọkọ̀, o dójú tòfò ilé, o dójú tòfò ẹrù orí omi. Èmi nìkan ni o ò rántí, èmi tí mò ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní gbogbo ìdájí ọjọ́ Ajé, lójú ọ̀nà tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré pé wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́.

Nígbà tó di Oṣù Kejì, tí náírà ṣọ̀wọ́n, tí àwọn èèyàn ń sùn síwájú báńkì nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ìgbà yẹn gan-an lo wòye pé ó yẹ ká lọ polówó. Tágẹ́ẹ̀tì ti sọ̀ kalẹ̀ láti Èkó. Wọ́n kó ìwé ìpolówó lé wa lọ́wọ́, ó di ọjà Akẹ̀sán: ìdójútòfò iná! Ìyá eléèlùbọ́ kan ní kí n jókòó. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, ó bu omi fún mi. Ó wá ní, "Ọmọ mi, lọ́jọ́ Sunday tí Akẹ̀sán jó, ibo lẹ wà?"

Ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kìíní ọdún 2020 ló ń wí. Gbogbo Ọ̀yọ́ ló mọ ọjọ́ náà. Ìjọba ló padà tún ọjà kọ́. Ìyá ní ẹ̀yìn tí gbogbo ẹ̀ jó tán, àwọn táwọn jọ ń dá àjọ ló kọ́kọ́ dé, wọ́n di owó mọ́ ìdí ìró, wọn ò ní kí òun mú ìwé ọlọ́pàá wá, wọn ò ní kí òun ya fọ́tò eérú. Mo wo ìwé ọwọ́ mi, mo wo ìyá. Èmi náà ṣáà gbọ́dọ̀ gbè ọ́. Mo ní, "Mà, tiwa ní òǹtẹ̀."

Olóǹtẹ̀ pupa tí ń dẹ́rù ba òpè,
òfin ló ń bá ọ kiri ọjà,
ọlọ́pàá ni àjẹ́ńtì rẹ lójú títì.

Bẹ́ẹ̀ ni, òfin ń bẹ lẹ́yìn rẹ. Òfin 1945 ló sọ third party, ìdójútòfò tí ń san òfò ẹni tí ọkọ̀ oníbàárà bá gbá, di dandan fún ọlọ́kọ̀. Oṣù tí mo wọlé rẹ gan-an ni tọkọ̀ àdáni fò láti ₦5,000 sí ₦15,000, tí wọ́n sì sọ pé ẹni tí ọkọ̀ bá ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ lè gbà tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Òfin ìdójútòfò 2003 tún là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó, ààbò ò tíì bẹ̀rẹ̀ fún un. Kí ẹni tó sanwó ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá awakọ̀.

Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ ni, ọ̀dọ̀ rẹ ni ó ti gba third party, ó san án pé, mo yẹ pátíkúlásì rẹ̀ wò, kì í ṣe ayédèrú. Ó fi imú bọ́ọ̀sì gbá ìdí Micra kan nítòsí Sábó. Oní-Micra ní àfi kí bàbá tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Èrò wà nínú ọkọ̀, oòrùn ń pa wá, bàbá bẹ̀ ẹ́, ó ka ₦34,000 fún un. Èmi ọ̀dàlẹ̀ ni mo ní kó fọkàn balẹ̀, a ó gbà á padà. Mo fọwọ́ ara mi bá a kọ fọ́ọ̀mù. Ó mú ìwé ọlọ́pàá wá, ó mú fọ́tò wá, ó mú rìsíìtì panẹ́lì-bítà wá. Ní ìgbà kẹfà tó wá, mádáàmù ṣí ìwé àdéhùn, ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà kan bí ẹsẹ̀ eèrà: oníbàárà kò gbọdọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, kò gbọdọ̀ ṣèlérí, kò gbọdọ̀ sanwó fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Bàbá bẹ ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́.

A-fi-ìwà-ọmọlúàbí-jẹni-níyà,
o gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́", o kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀.

Wọ́n fún mi ní lẹ́tà ìdúpẹ́ nígbà tí oṣù mẹ́fà pé. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ. Mo ti jáde ilé-ìwé báyìí, mo ṣì ń ná ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ní 2025, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ìdójútòfò tuntun, bàbá awakọ̀ rí mi ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́. Ó pariwo, "Ọ̀gá ínṣọ́ránsì! Mo gbọ́ lórí rédíò pé ẹ ò gbọdọ̀ fi owó èèyàn falẹ̀ mọ́." Mo ní, "Bàbá, n kò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé, ó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ gbogbo èrò. Nígbà tó kàn mí, ó fi ₦200 lé e, ó yọ ìwé kékeré kan nínú àpò, ó fa ìlà kan sí i. Ó ní òun ń gba ₦34,000 òun padà díẹ̀díẹ̀.

Mo mú fóònù, mo ṣírò rẹ̀: ìgbà 170. Ó ti di 169. Ìṣírò kan ṣoṣo tí mo tíì ṣe lórí iṣẹ́ ìdójútòfò nìyẹn.