Ẹ Má Pe Alátùn-únṣe

Lálẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ọdún 2007, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà rò pé wáyà tẹlifíṣọ̀n àwọn ló já. Apá tó kẹ́yìn eré The Sopranos ni wọ́n ń wò lórí HBO. Tony, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn, jókòó nílé oúnjẹ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọkùnrin rẹ̀, wọ́n ń ju àlùbọ́sà díndín sẹ́nu. Ọkùnrin kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Níta, Meadow ọmọbìnrin Tony ń bá páàkì mọ́tò jìjàkadì: ó wọlé, ó tún jáde. Ilẹ̀kùn ṣí, Tony gbójú sókè, gbogbo rẹ̀ ṣú dùdù. Kò sí ìró kankan.

Láti ọdún 1999 ni àwọn òǹwòran ti ń wo Tony bó ṣe ń pààyàn; ìgbà tí wọn ò rí òkú tiẹ̀ ni wọ́n wá ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ! Àwọn kan bínú sí David Chase tó kọ ọ́, àwọn kan ní iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, àwọn oníná la ó kọ́kọ́ ṣépè fún, ká tó yọjú wo ilé aládùúgbò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wò ó, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má gbá tẹlifíṣọ̀n yín lẹ́yìn o. Kò bàjẹ́.