Òòrẹ̀ Tó Fi Ẹ̀gún Gba Ìwé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Òòrẹ̀, ó dá lórí Béárì, ó sì kan Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, nítorí kò sí ọ̀ràn tí ọwọ́ ọkùnrin yẹn kì í sí níbẹ̀.

Àlọ́ àwọn bàbá wa kì í ní déètì. "Ní ìgbà kan rí" ti tó wọn. Èyí tí mo fẹ́ pa yìí ní déètì, ó ní ìlú, ó ní àwọn tó bu ọwọ́ lùwé, àwọn kan nínú wọn sì ṣì wà láyé tí wọ́n ń jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ọ̀rọ̀ Ukraine àti Rọ́ṣíà, kó pè é bẹ́ẹ̀, mi ò ní dá a lẹ́kun. Inú igbó ni tèmi wà.

Ní ìgbà kan rí, agbo ilé ńlá kan wà lápá ibi tí òjò dídì ti ń bọ́. Béárì ni àrẹ̀mọ ibẹ̀. Òòrẹ̀ ń gbé ní igun tó kọjú sí òkun. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá, àlìkámà tó ń hù níbẹ̀ ń bọ́ ẹranko tí kò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá. Nígbà tó di ìparí ọdún 1991, agbo ilé wó. Kálukú ti ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀, ó ní òun ti di onílé. Òòrẹ̀ lọ wo ara rẹ̀ nínú omi, ìgbà náà ló rí i pé ẹ̀gún tí agbo ilé gbìn sí òun lẹ́yìn kò kéré. Ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀gún yìí, bó bá gún ìlú, ìlú di eérú. Àwọn gígùn tó lè ré òkun kọjá nìkan tó nǹkan bí 1,900. Ẹnì méjì péré ló ní jù ú lọ ní gbogbo ayé: Béárì àti Idì, ọba ojú sánmà, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà.

Béárì ní òun ni àrẹ̀mọ, òun lòun jogún gbogbo ẹ̀gún, àti pé okùn tí wọ́n fi ń ta á, ọwọ́ òun ló wà. Òótọ́ ni o, okùn ò sí lọ́wọ́ Òòrẹ̀. Títí di òní làwọn ọlọ́gbọ́n kan ṣì ń sọ pé nítorí náà, kò sí ohun tí Òòrẹ̀ fi sílẹ̀. Mi ò gbà fún wọn. Òòrẹ̀ ní alágbẹ̀dẹ nílé. Ìlú Dnipro ni wọ́n ti ń rọ àwọn tó tóbi jù nínú ọfà agbo ilé. Ẹni tí ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ wà nílé rẹ̀, fún un lọ́dún díẹ̀, yóò hun okùn tirẹ̀. Béárì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Idì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé wọn dìde nìyẹn.

Wọ́n mú Kìnnìún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dání, wọ́n wá kí Òòrẹ̀. Ebi ń pa Òòrẹ̀ lásìkò náà, òtútù ń mú un, owó tó fi ń ra odindi màlúù tẹ́lẹ̀ kò ra ìrù rẹ̀ mọ́.

Idì ní, "Òòrẹ̀, ọmọ dáadáa, kí lo fẹ́ fi ẹ̀gún ṣe? Ṣé ọ̀rẹ́ kọ́ ni gbogbo wa? Kó o fún Béárì kó bá ọ tọ́jú ẹ̀. A ó fún ọ lówó, a ó fún ọ ní igi ìdáná tí iná ilé rẹ kò fi ní kú."

Kìnnìún wú ikọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Béárì rẹ́rìn-ín. Ẹ sì mọ̀ pé ẹranko náà ò ní eyín kékeré.

Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1994, wọ́n pàdé ní Budapest. Ta ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé? Ìjàpá ni. Ó wọ kóòtù, ó fi gíláàsì sójú, ó ká ìwé jáde. Nọ́ńbà kìíní, wọn á bọ̀wọ̀ fún ààlà oko Òòrẹ̀. Nọ́ńbà kejì, wọn ò ní gbé ọwọ́ ìjà sókè sí i. Nọ́ńbà kẹta, wọn ò ní fi ọ̀rọ̀ ajé fún un lọ́rùn. Nọ́ńbà kẹrin, bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀gún olóró halẹ̀ mọ́ ọn, wọn á ké gbàjarè ní Ìgbìmọ̀ Ààbò. Nọ́ńbà karùn-ún, wọn ò ní fi ẹ̀gún tiwọn gún un. Nígbà tó kan nọ́ńbà kẹfà, ohùn Ìjàpá wálẹ̀.

Òòrẹ̀ ní, "Dúró ná. Bí ẹnìkan bá wá gbá mi létí ńkọ́? Ta ni yóò wá?"

"Nọ́ńbà kẹfà."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ṣú yọ, ẹ ó pàdé, ẹ ó jíròrò."

"Lẹ́yìn ìjíròrò ńkọ́?"

"Tíì máa wà."

Òòrẹ̀ ní onídùúró lòun ń wá. Ìjàpá ní ẹlẹ́rìí ló wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ láyé: Clinton ń bẹ lórúkọ Idì, John Major lórúkọ Kìnnìún, Yeltsin lórúkọ Béárì fúnra rẹ̀. Ta ni yóò rí àwọn wọ̀nyí tó tún ní òun fẹ́ onídùúró? Kuchma, tó ń ṣe olórí ilé Òòrẹ̀, gba bírò, ó bu ọwọ́ lù ú. Òòrẹ̀ kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gún, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òòrẹ̀ ń yọ ẹ̀gún o,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*
Béárì ló ń kó o lọ,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*
Ìwé ni wọ́n fún un o,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*
Ìwé kì í gúnni lẹ́sẹ̀,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*

Nígbà tó fi di ọdún 1996, kò ku ọ̀kan. Lọ́dún 1999, gbèsè gáàsì tí Òòrẹ̀ jẹ Béárì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó kó ọkọ̀ òfuurufú 11 tí ń ju bọ́ǹbù fún un, ó sì fi nǹkan bí 575 ọfà onírìn-àjò gígùn tí wọ́n ń pè ní Kh-55 lé e lórí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé níwájú. Gbogbo igbó pàtẹ́wọ́ fún Òòrẹ̀, wọ́n ní ẹranko àlàáfíà ni.

Ogún ọdún kò tíì pé lórí ìwé náà tí àwọn kan fi wọ oko etí òkun tí wọ́n ń pè ní Crimea. Aṣọ ogun wà lọ́rùn wọn, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, kò sí àmì ilé kankan lára wọn. Ìparí oṣù Kejì ọdún 2014 lèyí. Wọ́n bi Béárì, ó ní òun kọ́, irú aṣọ yẹn wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni lè rà á. Oṣù Kẹta kò parí tó fi ní oko náà ti di tòun.

Òòrẹ̀ sáré wọlé lọ mú ìwé. Nọ́ńbà kẹfà! Wọ́n pe ìpàdé sí Paris. Ìránṣẹ́ Béárì wà ní ìlú náà lọ́jọ́ náà, ó rìn kiri, ó jẹun, kò sáà wọ yàrá ìpàdé. Idì kẹ́dùn púpọ̀. Ó fi oúnjẹ àti kúbùsù ránṣẹ́. Poroshenko, tó ti di olórí ilé Òòrẹ̀ nígbà náà, rin ìrìn-àjò dé ilé Idì nínú oṣù Kẹsàn-án, ó dúró níwájú àwọn aṣòfin ibẹ̀, ó sọ fún wọn pé kúbùsù ò lè ṣẹ́gun. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Òòrẹ̀ ń na ìwé sókè o,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*
Kìnnìún ní òun ti kà á,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*
Idì fún un ní kúbùsù o,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*

Ibi tí àlọ́ yìí ti wá dùn jù, tàbí tó burú jù, nìyí. Àwọn ẹranko ní Ìgbìmọ̀ kan ní New York, Ìgbìmọ̀ Ààbò ni wọ́n ń pè é. Àga 15 ló wà níbẹ̀. Àwọn márùn-ún kì í dìde lórí tiwọn láé, bí ẹyọ kan nínú wọn bá sì ti ní "rárá", ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn. Ipò alága ń yípo lóṣooṣù. Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ Èṣù: nínú oṣù Kejì ọdún 2022, ta ni àga alága kàn? Béárì. Ní alẹ́ ọjọ́ 23, Ìgbìmọ̀ pé jọ pàjáwìrì láti bẹ Béárì pé kó má lọ. Ìránṣẹ́ rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń fún wọn láyè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ti kéde nílé pé òun ti gbéra. Ilẹ̀ ọjọ́ 24 mọ́ bá iná ní oko Òòrẹ̀ láti ààlà dé ààlà.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Ìgbìmọ̀ jókòó dájọ́. Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ nínú igbó rèé.

Alága ní, "Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní ẹjọ́?"

Òòrẹ̀ ní, "Èmi ni."

"Ta lo fẹ̀sùn kàn?"

"Ìwọ ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká nawọ́." Ó kà á. "Mọ́kànlá gbè é lẹ́yìn. Ṣáínà, Íńdíà àti Ẹ́míréètì ń wo àjà. Ẹnì kan kọ̀. Ẹnì kan náà lèmi. Ẹjọ́ ti parí. Ẹ kú ìjókòó o."

Kí inú àwọn olólùfẹ́ Idì má dùn jù: òun náà ní irú "rárá" bẹ́ẹ̀ lápò, ó ti lò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti fi bo Ísírẹ́lì, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2003, òun àti Kìnnìún yìí kan náà ló fọ́ ilẹ̀kùn Iraq pé àwọn ń wá májèlé tó ń pa ìlú run. Wọ́n tú ilé, wọ́n tú àjà, wọn ò rí májèlé, onílé sì ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ kí n sọ ti Béárì kí n gbé ti Idì mì, kó lọ pa àlọ́ tirẹ̀.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí gbàgede ńlá níbi tí gbogbo ẹranko ti lóhùn. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ni. Àwọn 141 ní kí Béárì jáde, Nàìjíríà wà nínú wọn. Àwọn 5 kọ̀. Àwọn 35 ní àwọn ò dá sí i, Gúúsù Áfíríkà wà nínú wọn. Béárì ka iye wọn, ó yó, ó sùn.

Nínú igbó tiwa níhìn-ín, lábẹ́ igi tí wọ́n ń pàtẹ ìwé ìròyìn sí, níbi tí ẹranko ti ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, Ìjàpá ti di ògbóǹtarìgì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lòun kọ ìwé Budapest. Láàárọ̀, ó ń bá Béárì gbè é: "Ẹ má gbàgbé pé nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń ni àwọn èèyàn wa lára ní Gúúsù Áfíríkà, agbo ilé Béárì ló ràn wọ́n lọ́wọ́!" Àwọn ẹranko hó yèè. Ewúrẹ́ ní ṣebí Òòrẹ̀ náà wà nínú agbo ilé yẹn nígbà náà, ṣebí apá kan ìrànlọ́wọ́ yẹn ti ilé rẹ̀ jáde. Wọ́n ní kó panu mọ́, obìnrin ò mọ ọ̀rọ̀ ogun. Lọ́sàn-án, ẹnìkan tó ń bọ̀ láti ilé Idì ra ẹmu fún Ìjàpá. Ó pa ohùn dà: òmìnira, òfin, ààlà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ayékòótọ́ gba èyí tó gbọ́ láàárọ̀, ó gba tọ̀sán mọ́ ọn, ó sì gbé méjèèjì lọ sórí rédíò.

Ewúrẹ́ tún dìde, kì í gbọ́. Ó ní, "Bàbá Ìjàpá, àlìkámà tí à ń jẹ, òkèèrè ló ti ń wá, oko Òòrẹ̀ àti ti Béárì sì wà nínú ibi tó ti ń wá. Búrẹ́dì tí mò ń fún àwọn ọmọ mi láàárọ̀ ti kéré sí i, owó rẹ̀ ti ga sí i. Kí lẹ rí sí i?"

Ìjàpá yọ gíláàsì, ó nù ún. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àgbáyé là ń sọ níbí."

Àwọn ẹranko mìíràn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wò. Gaddafi ti Líbíyà náà ti gbà lọ́dún 2003 láti kó èlò ẹ̀gún tirẹ̀ fún Idì. Ọdún 2011 ni wọ́n pa á. Àgbà kan ní Kòríà Àríwá rí gbogbo rẹ̀. Láti ọdún 2006 títí di ọdún 2017 ló fi ń dán ẹ̀gún tirẹ̀ wò nínú ihò, kò sì sẹ́ni tó wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó tún rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ran Béárì lọ́wọ́ lójú ìjà. Bí Idì bá ránṣẹ́ sí i pé kó wá jókòó sọ̀rọ̀ ẹ̀gún, ó ń béèrè àlàáfíà Òòrẹ̀.

Àlàáfíà wo? Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ohun kan já bọ́ ní oko Òòrẹ̀. Wọ́n sáré lọ ṣa àfọ́kù rẹ̀. Kh-55 ni. Irú èyí tó kó sílẹ̀ nítorí gbèsè gáàsì! Wọ́n ti yọ orí olóró rẹ̀, wọ́n fi irin lásán dí i, kí Òòrẹ̀ lè máa fi ọfà iyebíye tirẹ̀ lé òfìfo.

Ẹ̀gún tí mo yọ lẹ́yìn mi o,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*
Ojú ọ̀run ló gbà padà,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*
Mo kí i káàbọ̀, kò dáhùn o,
*Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ wọ́.*

Òòrẹ̀ kò kú ṣá. Idì fún un ní ọfà, Kìnnìún fún un ní ọfà, wọ́n ń ka ọfà náà fún un lẹ́yọ lẹ́yọ. Òun fúnra rẹ̀ sì ń rọ àwọn kòkòrò onírin kéékèèké tí ń fò lálẹ́. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2025, àwọn kòkòrò náà jáde láti inú ọkọ̀ akẹ́rù ní ìdí ilé Béárì gan-an, wọ́n sun àwọn ọkọ̀ òfuurufú ńlá tí ń ju bọ́ǹbù.

Lọ́dún náà ni wọ́n tún kọrí sí ọ̀dọ̀ Òòrẹ̀, wọ́n ní ìjà ti tó. Ìjàpá ló ṣíwájú, kóòtù rẹ̀ ti ṣá díẹ̀. Ó ká ìwé tuntun jáde, ó ní èyí yàtọ̀, èyí lágbára, wọ́n fi lẹ́tà wúrà tẹ̀ ẹ́.

Òòrẹ̀ kò gba ìwé. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn. Ẹni tó bá fẹ́ bu ọwọ́ lù ú, kó kọ́kọ́ yọ ẹ̀gún kan lára tirẹ̀, kó fi ṣe ìdógò lọ́dọ̀ mi."

Idì wo ojú sánmà, ó ní ó jọ pé òjò ń bọ̀. Kìnnìún ní òun gbàgbé gíláàsì òun sílé. Béárì ní ọwọ́ òun tóbi ju bírò lọ. Ìjàpá ká ìwé padà sápò, ó ní kí wọ́n sún ìpàdé síwájú.